Ogójì Tí Moyin Yọ

"Níbo lẹ gbé iná wa sí? Ẹ̀yin ará Abà Tìjání, mo ní kí ẹ dá mi lóhùn. Níbo lẹ gbé iná gbogbo wa sí?"

Bàbá Adétọ́lá ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, tó ń fi ìdí agboòrùn rẹ̀ gún sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn bí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kànga síbẹ̀. Òun ni olórí Abà Ọláwuyì, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kódà nígbà tó bá ń gbàdúrà. Òjò ọjọ́ kẹta ń rọ̀ lórí páànù, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ borí òjò.

"Bàbá, a ò gbé e síbì kankan," Ṣàkírátù dá a lóhùn. Ó dúró láàárín àwọn àgbà, ó ń fi etí ìborí rẹ̀ nu ojú. "Mo ti ní kí ẹ wá wo àpótí náà fúnra yín."

"Kí ni mo fẹ́ wò lára àpótí? Ṣé àpótí ló ń ta ṣáàjì fóònù fún àwọn ọlọ́kadà Ìta-Ògbólú ni?"

"Ta ló rí mi níbi tí mo ti ń ta ṣáàjì?"

"Wọ́n ní ò ń tà á."

"'Wọ́n ní' ò lórúkọ, Bàbá. Ẹ dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín músẹ́. Moyinolúwa ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Nínú gbogbo èrò tó pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, òun nìkan ló mọ ibi tí iná náà lọ. Ó wà ní ìrìn ogún ìṣẹ́jú sí ibẹ̀, ní Abà Oyèníyì, nínú yàrá bátìrì tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ so mọ́ ọrùn òun alára. Láti àárọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ náà ti tutù mọ́ ọn láyà bíi pé wọ́n yọ ọ́ nínú yìnyín.

Ohun tó kó wọn jọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àbídèmí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Ṣàkírátù, bímọ lọ́jọ́ Àìkú. Oṣù ọmọ náà kò pé. Kò tóbi ju búrẹ́dì kékeré lọ, mímí sì ń nira fún un. Nọ́ọ̀sì Mary gbé e sídìí ẹ̀rọ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́, ó sì ń ṣe dáadáa títí di aago mẹ́ta ọ̀sán Ọjọ́rú, tí iná kú pii ní gbogbo Abà Tìjání. Ẹ̀rọ dákẹ́. Nọ́ọ̀sì mú bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹ afẹ́fẹ́ sí ọmọ náà nímú. Ó tẹ̀ ẹ́ títí wọ́n fi rí ọkọ̀ tó wá kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ nínú ọkọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wọ Àkúrẹ́. Ní báyìí ó ti padà, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, àwọn ìka rẹ̀ wú bí ata rodo. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè, ohun kan náà ló ń sọ: "Ó ń mí nígbà tí mo fi í sílẹ̀. Mi ò mọ̀ ju ìyẹn lọ."

Fóònù rẹ̀ wà lórí fèrèsé. Kò sẹ́ni tí kì í wò ó.

Àlájì Tìjání, bàbá Ṣàkírátù, kò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà tí ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá gbé orí sókè, ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìyẹn sì burú ju ariwo Bàbá Adétọ́lá lọ.

"Ṣàkírátù. Ìwọ ni wọ́n fi àpótí sí lọ́wọ́. Bí ọmọ yẹn bá kú, má pè mí ní bàbá mọ́."

Ṣàkírátù fi ìborí rẹ̀ bo ojú. Moyin wo ilẹ̀.

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìta-Ògbólú kọjá, ẹ ti lè rí sólà tó tẹ́ rẹrẹ nínú igbó, kí ẹ máà mọ ohun tó gbé e débẹ̀. Lọ́dún tí owó epo bẹntiróòlù fò sókè tí adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yé sínú jẹnẹrétọ̀, àwọn kan wá láti yunifásítì ní Àkúrẹ́, wọ́n gbé sólà àti bátìrì kalẹ̀ sí abà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Oyèníyì, Ọláwuyì àti Tìjání. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa wáyà láti abà sí abà, wọ́n kan àpótí kan mọ́ ògiri yàrá bátìrì kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn àpótí yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnì kan tó jókòó sí Àkúrẹ́ tó ń pàṣẹ fún wọn. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, àpótí kọ̀ọ̀kan á sọ fún àwọn yòókù iye tó kù nínú bátìrì tirẹ̀. Èyí tó bá ní jù á fún èyí tó ní kéré jù, bí tirẹ̀ ò bá tíì wálẹ̀ dé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ó parí. Bí òjò bá ń rọ̀ ní Tìjání tí oòrùn ń ràn ní Ọláwuyì, àwọn Tìjání á rí iná lò, kò ní sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹnì kan fún ẹnì kan ní nǹkan.

Abà kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ kan tí yóò máa tọ́jú àpótí tiwọn. Oyèníyì yan Moyin. Tìjání yan Ṣàkírátù. Tábìlì kan náà ni àwọn méjèèjì ń jókòó sí nílé ẹ̀kọ́ girama, ìwé kan náà ni wọ́n jọ ń kà fún ìdánwò àṣekágbá.

Ìyá Moyin, Agnes, ní fírísà kan. Òkú Èkó ló ń tà, ẹja dídì tó ń lọ kó ní Àkúrẹ́ ní ọjọ́ ọjà. Ní oṣù kejì ọdún yẹn, kí wọ́n tó fa wáyà dé ọ̀dọ̀ wọn, bátìrì tán, fírísà kú fún ọjọ́ méjì, gbogbo ẹja rẹ̀ sì rà. Ó wa ihò, ó da ẹja sí i, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sunkún, kò jẹun, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Moyin pè é títí. Kò tíì sí ohun tó bà á lẹ́rù tó ìdákẹ́jẹ́ yẹn láyé.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí fírísà sì kún dé ẹnu, Moyin ò lè kàwé. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú yàrá bátìrì. Ojú àpótí fi hàn pé bátìrì wọn wà ní méjìlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, àpótí sì ń fún Tìjání níbẹ̀. Ọ̀kan ń lọ. Òmíràn ń lọ. Bó ṣe ń rí nọ́ńbà yẹn tó ń sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń rí ìyá rẹ̀ létí ihò.

Ibì kan wà nínú àpótí tí wọ́n fi han àwọn olùtọ́jú. Bí bátìrì bá gbó, tí kò gba iná bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, èèyàn á sọ fún àpótí iye tó yẹ kó yọ nínú ìṣirò. Bátìrì wọn ò gbó rárá. Moyin kọ ogójì síbẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni àpótí Oyèníyì ti ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé méjìlélógún péré ló kù fún òun. Àpótí ò mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́. Ohun tí wọ́n bá fi sí i lẹ́nu ló ń sọ. Lójú ẹsẹ̀ ló dáwọ́ fífún Tìjání dúró, tí Tìjání àti Ọláwuyì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un.

Títí oòrùn á fi ràn ni, Moyin sọ fún ara rẹ̀. Ó rántí ẹ̀rọ ọmọ Àbídèmí. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó rántí rẹ̀. Ó kàn rò pé Tìjání ní bátìrì púpọ̀, kò lè tán.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Ṣàkírátù pè é lórí fóònù. "Moyin, kí ló ṣe tiyín tó lọ sílẹ̀ báyìí? Àyà mi ń já fún un yín o."

"Òjò ni," Moyin ní.

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ máa mú nínú tiwa, jàre. Ṣé fírísà Mọ́mì yín ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"A dúpẹ́. Bá mi kí wọn."

Wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dákẹ́ ní Tìjání.

Moyin ò fojú kan oorun. Ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní Ọjọ́bọ̀ tí í ṣe ọjọ́ ìpàdé yìí, ó sáré lọ sídìí àpótí, ó yọ ogójì náà kúrò, ó sì pa gbogbo àkọsílẹ̀ inú àpótí wọn rẹ́. Ó fi etí aṣọ nu ojú àpótí, bíi pé ìka lè ṣẹ́kù síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wá sí ìpàdé.

Fóònù orí fèrèsé dún.

Nọ́ọ̀sì Mary fi àwọn ìka rẹ̀ tó wú gbé e, ó fi sétí. Moyin ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀. Kí ó má ti kú. Kí ó má ti kú. Kí ó má ti kú.

"Ẹnjiníà ni," Nọ́ọ̀sì ní. "Fọláwùmí. Ó ti kọjá Ìta-Ògbólú. Ó ń bọ̀ wá wo àwọn àpótí."

Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Moyin ò mí. Ó dìde, ó tún jókòó.

"Kí ló ń ṣe ọ́?" ìyá rẹ̀ yíjú, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lórí. "O tutù bí ẹja."

"Inú ló ń run mí, Mọ́mì."

"Fara balẹ̀. Kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń bá wí."

Fọláwùmí dé lórí ọ̀kadà, omi ń kán lára rẹ̀ tó-tó-tó, ó di kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú ọ̀rá búlúù. Ọmọ bíbí Oǹdó ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, òun ló kọ́ àwọn olùtọ́jú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò tíì kí àwọn àgbà tán tí Bàbá Adétọ́lá fi gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Kọ́kọ́rọ́ la fẹ́ kọ́kọ́ gbà. Ọmọ tó ba iná jẹ́ ò lè máa di kọ́kọ́rọ́ mú. Yọ ọ́ lọ́rùn, Ṣàkírátù."

Ṣàkírátù wo bàbá rẹ̀. Àlájì gbójú sápá kan. Ọmọbìnrin náà tú okùn kọ́kọ́rọ́ náà, ìka rẹ̀ ń ṣì í tú, ó sì gbé e lé Àlájì lọ́wọ́. Omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún mọ́.

Moyin kò mọ ìgbà tó dìde. "Àǹtí, àpótí tiwa náà ṣe bákan," ó sọ. "Bóyá òun ló fà á. Bóyá kì í ṣe Ṣàkírátù."

Fọláwùmí yíjú sí i. "Ó ṣe bákan báwo?"

"Ó kàn ṣe bákan ni, mà. Ó ti dáa báyìí."

"Ta ló tún un ṣe?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni, mà."

"Òun fúnra rẹ̀," Fọláwùmí tún un sọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ yàrá bátìrì Tìjání tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, ó fi wáyà so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ àpótí. Àwọn àgbà rọ́ tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn. Moyin dúró sí àárín wọn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé àkọsílẹ̀ ti parẹ́. Ọwọ́ òun ló pa á rẹ́. Kò sí ohun tí wọ́n lè rí.

Ó gbàgbé ohun kan tí kò yẹ kí olùtọ́jú kankan gbàgbé. Àwọn àpótí náà ò ní ọ̀gá, nítorí náà kálukú wọn ló ń kọ ohun tí èkejì bá sọ fún un sílẹ̀. Èyí tí Moyin parẹ́ ní Oyèníyì wà digbí ní Tìjání. Ó wà ní Ọláwuyì.

"Moyin," Fọláwùmí pè é láìwẹ̀yìn. "Matimátíìkì rẹ dáa, bá mi ṣe ìṣirò yìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àpótí yín sọ pé òun ní méjìlélọ́gọ́ta. Ní ìṣẹ́jú kan péré lẹ́yìn ẹ̀, ó ní méjìlélógún. Ta ló mu ogójì láàárín ìṣẹ́jú kan?"

Moyin ń wo wáyà kọ̀ǹpútà náà.

"Ó dáa. Láàárọ̀ yìí, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní mọ́kàndínlógún. Ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ẹ̀, ó ní mọ́kàndínlọ́gọ́ta." Ó wá yíjú padà. "Òjò ń rọ̀. Oòrùn wo ló ràn ní abà yín tí kò ràn níbí?"

Moyin rí i tí ojú ìyá rẹ̀ ń yí padà bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ó rí Ṣàkírátù náà. Ìyẹn ò tíì bínú. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń dúró kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ nǹkan tí yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

"Èmi ni," Moyin sọ. Ohùn rẹ̀ tínrín bí òwú. "Mo yọ ogójì. Mi ò fẹ́ kí ẹja Mọ́mì bàjẹ́."

"Ẹja?" Nọ́ọ̀sì Mary ní. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó na àwọn ìka wíwú náà sí i. "Ẹja ni mo ń tẹ bọ́ọ̀lù fún láti ibí dé Àkúrẹ́?"

"Ta ló rán ọ?" Agnes bi ọmọ rẹ̀. "Moyinolúwa, ṣé èmi ni mo rán ọ?"

"Rárá, Mọ́mì."

Agnes jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níbi tó wà, ó dákẹ́, ó dákẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ ihò.

"Iná tó lọ, oòrùn á dá a padà," Fọláwùmí ní. "Ọ̀rọ̀ tí àpótí yín sọ ńkọ́? Ohun tí mo sọ fún un yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni pé kò sí ọlọ́pàá lórí wáyà yìí. Òótọ́ tí kálukú ń sọ ló so yín pọ̀. Ẹni tó bá parọ́ lórí rẹ̀ ti já a, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án."

Bàbá Adétọ́lá, tí ẹnu rẹ̀ kì í pa dé, gbé agboòrùn rẹ̀ sápá, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe dúró bẹ́ẹ̀ ni fóònù Nọ́ọ̀sì tún dún. Ó gbé e sétí. Lẹ́yìn náà ló fara ti ògiri. "Àbídèmí ni. Ó ní ọmọ náà ti mu wàrà. Dókítà ní kò séwu mọ́."

"Alhamdulillahi," Àlájì Tìjání ní, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú. Àwọn obìnrin bú sẹ́kún. Ẹnì kan di Ṣàkírátù mọ́ra. Moyin di òpó mú, ẹ̀rín kan sì fẹ́ yọ lójú rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ó ti parí. Ọlọ́run ti gbà á. Wọ́n á nà án, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti parí náà nìyẹn.

Àlájì nu ojú, ó na kọ́kọ́rọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Gbà. Mo ṣì ọ́ wí, má bínú sí mi." Ó wá kọjú sí àwọn àgbà. "Lọ́jọ́ tí a fọwọ́ sí wáyà yìí, a jọ sọ pé abà tí wọ́n bá fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu lè tú ara rẹ̀ kúrò lára ẹni tó ṣe é, títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀. A sì ní olùtọ́jú àpótí ibẹ̀ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Èmi ò ní pàṣẹ. Ṣàkírátù ni wọ́n parọ́ fún."

Kò sẹ́ni tó já a níyàn. Bàbá Adétọ́lá ní bí Tìjání bá tú Oyèníyì, Ọláwuyì náà á tú wọn.

Súwìṣì náà wà lábẹ́ àpótí, ó gùn tó apá ọmọdé, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ OYÈNÍYÌ sí i. Bí wọ́n bá fà á wálẹ̀, Oyèníyì á dá wà pẹ̀lú sólà tirẹ̀ lábẹ́ òjò, gbogbo ilé méjìdínlọ́gbọ̀n tó wà níbẹ̀, ẹ̀rọ omi wọn, àti fírísà Agnes.

Ṣàkírátù gbé ọwọ́ lé e.

"Ṣàkírá," Moyin bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. "Jọ̀ọ́. Èmi ni kí o bá jà, má bá abà wa jà."

Ṣàkírátù ò yọ ọwọ́. "Mélòó ló kù nínú bátìrì yín báyìí?"

Moyin fa fóònù rẹ̀ yọ, tí àpótí máa ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣì í tẹ̀. "Mẹ́tàdínláàádọ́ta. Òótọ́ ni, Ṣàkírá. Láti àárọ̀ ló ti ń fún yín. Mo fi Ọlọ́run búra, òótọ́ ni."

Ṣàkírátù wo ojú àpótí tirẹ̀. Mẹ́tàdínláàádọ́ta náà ló wà níbẹ̀. Ó wò ó pẹ́, ó sì wá wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Mi ò gbà ọ́ gbọ́," ó ní, ó sì fa súwìṣì náà wálẹ̀ gbàgà.